Àìsàn Olówó

Ní ọdún 1998 ni dókítà kọ́kọ́ sọ fún ìyá mi pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìsọ̀ wọn ní Ọjà Ọba, ní Òṣogbo, ni mo ti bá wọn nígbà tí mo délé láti ibi iṣẹ́. Wọ́n jókòó sáàárín páálí ọjà wọn, wọ́n na ìwé tí dókítà kọ fún wọn sí mi, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. 'Àkànní, àìsàn olówó ni wọ́n ní ó ń ṣe mí. Bá mi wá owó ọ̀hún wò, bóyá abẹ́ àga yìí ló wà.' Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ń tà nígbà náà ni mílíìkì inú agolo, tíì, bisikíìtì, àti ṣúgà onígun, èyí tí wọ́n máa ń tú kúrò nínú páálí, tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá ní kóró mẹ́rin-mẹ́rin fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká odindi.

Ẹ̀rín tí a jọ rín lọ́jọ́ náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà yẹn. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí láàárín wa pé àìsàn olówó ni àtọ̀gbẹ. Àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́, nítorí bí wọ́n ṣe rí i lójú ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ òtítọ́ ní ayé bàbá lè di ohun tí yóò ṣi ọmọ lọ́nà, bí ayé bá ti yí tí ọ̀rọ̀ kò yí. Ìtàn bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe yí, tí àwa kò sì fura, ni mo fẹ́ sọ.

Èdè ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá tú àtọ̀gbẹ palẹ̀, a ó rí 'tọ̀' nínú rẹ̀, a ó sì rí 'gbẹ': ẹni tí ó ń tọ̀ títí ara rẹ̀ fi ń gbẹ. Ẹni tí ó sọ àìsàn yìí lórúkọ ti fara balẹ̀ wo aláìsàn. Ó rí i pé omi kì í tó o mu, pé kì í lè sùn mọ́jú láìdìde lọ tọ̀, pé ẹran ara rẹ̀ ń wọlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò dẹ́kun oúnjẹ í jẹ. Àwọn àgbàlagbà tún máa ń sọ pé èèrà a máa ṣù bo ìtọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Íńdíà ayé àtijọ́ náà kíyè sí èèrà yìí, orúkọ tí wọ́n sì fún àìsàn náà ní èdè Sanskrit túmọ̀ sí ìtọ̀ oyin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di ọdún 1674 kí Thomas Willis tó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìtọ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí ń dùn bí ẹni pé wọ́n po oyin tàbí ṣúgà mọ́ ọn. Ní 1776 ni dókítà mìíràn, Matthew Dobson, gbé irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ kaná títí omi rẹ̀ fi gbẹ tán, tí ó sì fi hàn pé ohun tí ó kù nísàlẹ̀ jọ ṣúgà.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni orúkọ kejì ti dé ọ̀dọ̀ wa, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì wa ń lò, ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ wo àwọn orúkọ méjèèjì. Àtọ̀gbẹ ń wo ara tí ó ń gbẹ, ìtọ̀ ṣúgà ń wo ohun tí ó bá ìtọ̀ jáde. Kò sí èyí tí ó wo ohun tí ó gba ẹnu wọlé. Bí a bá ń wá ibi tí Yorùbá ti so adùn mọ́ àìsàn, a ní láti lọ sọ́dọ̀ orúkọ kẹta, tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń fi rẹ́rìn-ín, èyí nì jẹ̀díjẹ̀dí.

Kò sí ọmọ tí a tọ́ nílé wa tí kò gbọ́ ọ. Ìyá ìyá mi kì í jẹ́ kí a fi ṣúgà sí gàrí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá rí ọmọ tí ó ń lá ṣúgà ní àtẹ́lẹwọ́, wọn a ní, 'Máa lá a lọ. Jẹ̀díjẹ̀dí á bá ọ sọ̀rọ̀.' Agbo egbò igi kíkorò tí wọ́n ń sè sì wà nínú ìkòkò lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ẹni tí kò bá gbọ́. Nígbà tí a dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, a kọ́ ọ pé ṣúgà kọ́ ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, a sì padà wálé láti wá sọ fún àwọn àgbà pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Lóòótọ́ ni, ṣúgà kọ́ ló ń fà á. (Agbo jẹ̀dí tí wọ́n ń fi ọtí líle ṣe ní gáréèjì lónìí kì í sì í ṣe èyí tí ìyá ìyá mi ń sè.) Ṣùgbọ́n bí àlàyé wọn kò bá tilẹ̀ tọ́, òfin tí wọ́n gbé kà á lórí ń ṣiṣẹ́: ọmọ kì í jẹ adùn ní àjẹjù. A gba òfin náà kúrò lọ́wọ́ wọn nítorí pé àlàyé rẹ̀ kò tọ́, a kò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Èmi gan-an wà lára àwọn tí ó gbà á.

Kò ṣòro fún àwọn baba wa láti pa òfin yẹn mọ́, nítorí pé ohun dídùn ayé wọn ní ohun tí ń dáàbò bò ó. Oyin ní agbo oyin tí ń ta ènìyàn lóró. Ẹni tí ó bá ń jẹ ìrèké, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò rẹ̀ ẹ́ kí ó tó jẹ ẹ́ yó. Àgbálùmọ̀ ní ìgbà tirẹ̀ láàárín ọdún. Bí ìgbà náà bá ti kọjá, ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn. Kò sí èyí tí ènìyàn lè jẹ tọ̀sán-tòru láìjẹ́ pé nǹkan kan dá a dúró. Ṣúgà nìkan ni kò ní oró, tí kò ní èèpo, tí kò sì ní ìgbà. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa yóò rí i pé oró náà wà. Ara àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n kó o lé.

Àwọn onímọ̀ gbà pé ilẹ̀ New Guinea, ní òkun ìlà-oòrùn, ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbin ìrèké. Ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ bí a ti ń se omi rẹ̀ títí yóò fi dì ní wóró-wóró. Orúkọ tí wọ́n fún wóró náà, sharkara, túmọ̀ sí òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn Lárúbáwá gbà á, wọ́n ń pè é ní sukkar. Wọ́n sì mú un dé Íjíbítì àti ilẹ̀ Spain. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ kan náà ti gba aṣálẹ̀ dé ilẹ̀ Haúsá, tí ó di sukari, tí ó sì gba Yúróòpù yípo, tí ó fi bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó, tí ó di ṣúgà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun ọba ni ṣúgà jẹ́ ní Yúróòpù. Oníwọ̀nba ni wọ́n ń tà á lọ́dọ̀ àwọn apoògùn, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ra ataare. Ní 1598, ará Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Paul Hentzner rí Ọbabìnrin Elizabeth ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ààfin Greenwich. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé eyín Ọbabìnrin náà dúdú, ó sì fi kún un pé ó jọ pé ṣúgà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ ní àjẹjù ló fà á. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọba ló ní eyín dúdú yìí. Àgbẹ̀ tí ń gbé ìtòsí ààfin kò rówó ra ohun tí yóò sọ eyín tirẹ̀ dà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àìsàn olówó ni lóòótọ́.

Ohun tí ó yí i padà ni ẹrú. Àwọn Potogí ti gbin ìrèké sí erékùṣù São Tomé, tí kò jìnnà sí etíkun wa, wọ́n sì ń kó ẹrú láti etíkun yìí kan náà lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Columbus gbé ìrèké dání nígbà tí ó ń lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀kejì ní 1493. Lẹ́yìn náà ni ti Brazil, lẹ́yìn rẹ̀ Barbados, Jàmáíkà àti Saint-Domingue tí a ń pè ní Haiti lónìí. Ìrèké kò ṣeé fi falẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ti gé e, ó gbọ́dọ̀ dé ẹnu ẹ̀rọ kí omi rẹ̀ tó bàjẹ́. Nítorí náà, ní àkókò ìkórè, wọn kì í pa iná ẹbu rárá. Ẹrú a máa ṣiṣẹ́ wákàtí 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oorun a sì máa kùn ún nídìí òpó ńlá tí ń fún ìrèké. Bí òpó náà bá gbá ìka rẹ̀ mú, yóò fa gbogbo apá wọlé. Ní àwọn erékùṣù Caribbean ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n a máa fi àáké tàbí àdá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, kí wọ́n lè tètè gé apá náà kúrò kí ẹ̀rọ tó gbé ènìyàn mì.

Apá tiwa nínú ìtàn yìí pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó burú. Nígbà tí àwọn ẹrú Saint-Domingue dìde ní 1791, tí wọ́n sì gba òmìnira wọn ní 1804, Cuba ni àwọn oníṣòwò ṣúgà kọjú sí. Ní ọdún wọ̀nyí gan-an ni ìlú Ọ̀yọ́ ń tú, tí ogun Òwu bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ Yorùbá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ sí etíkun. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n ní Cuba, Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n ní Bahia; oko ìrèké sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ara wọn. Ní oṣù November 1843, ní oko ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní Triunvirato, ní agbègbè Matanzas, àwọn ẹrú dìde. Obìnrin kan tí wọ́n kà mọ́ àwọn Lukumí, Carlota, wà lára àwọn aṣáájú wọn, wọ́n sì pa á nínú ìjà náà. Ó di 1886 kí oko ẹrú tó tán pátápátá ní Cuba, ó di 1888 ní Brazil.

Mo dé Matanzas ní 2011. Bàbá kan tí ó ń bọ Ọ̀ṣun gbà mí lálejò, nígbà tí ó sì gbọ́ pé Òṣogbo ni mo ti wá, ó dìde dúró. Ó gbé àwo kékeré kan wá, ó ní oñí ni. Oyin ni. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wọn láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn, kò tíì yí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá náà kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ó tó gbé e síwájú òrìṣà, bí a ti ń ṣe nílé. Nígbà tí ó parí, ó bu kọfí fún mi, ó sì da ṣúgà sínú rẹ̀ ní ṣíbí mẹ́rin, kò bi mí bóyá mo ń fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé bàtà tí ó wọ̀ fẹ̀, ó sì ń fi aṣọ wé ẹsẹ̀ kan. Ní àkókò yẹn, ìyá mi ti kú ní ọdún mẹ́ta. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi ohun tí ó ń ṣe bàbá náà.

Kí a padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹrú ṣe ń pọ̀ lóko ni owó ṣúgà ń wálẹ̀. Ní 1700, ìdá ṣúgà tí ó kan ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ náà lọ́dún kò ju nǹkan bíi pọ́n-ùn 4 lọ. Nígbà tí ó fi di 1800, ó ti tó 18. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó ti ń lọ sí 90. Sidney Mintz, tí ó kọ ìwé pàtàkì lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1985, fi hàn pé tálákà ni ó gba ìyókù yìí sẹ́nu. Obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ kò ní àyè láti se ọbẹ̀. Tíì gbígbóná, ṣúgà púpọ̀ àti búrẹ́dì ló fi ń gbé ara ró títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ohun tí ó ti ọwọ́ ọba bẹ̀rẹ̀ ti di oúnjẹ ẹni tí kò ní oúnjẹ mìíràn. Àwọn ọlọ́lá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Àìsàn a sì máa tẹ̀lé ṣúgà lọ́nà kan náà, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ó kàn máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Ọ̀nà yìí kan náà ni ó tọ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn Àgùdà tí ó padà dé láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mú ohun dídùn bíi frejon dé Èkó, àwọn míṣọ́nnárì mú tíì. Ṣúgà di àmì ọ̀làjú. Tíṣà, akọ̀wé àti àlùfáà ni ó ń mu tíì láàárọ̀. Àwa yòókù ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ní 1953 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola sínú ìgò ní ilẹ̀ wa, ní 1964 ni ilé-iṣẹ́ Bacita lẹ́bàá Odò Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣúgà. Ní kékeré mi, ṣúgà ti wọ inú igbá ìsọmọlórúkọ, ó jókòó ti oyin bí ẹni pé wọ́n jọ bí wọn ni. Ó wọ ẹrù ìdána. Ó wọ inú sàárà tí àwọn Mùsùlùmí ń ṣe nínú oṣù Rámádánì. Ẹni tí ó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àlejò yóò gbé ẹlẹ́rìndòdò síwájú rẹ̀, kò ní gbé omi.

Èmi pàápàá mọ bí a ti ń fi ṣúgà bọ̀wọ̀ fún ènìyàn. Láti ìgbà tí mo ti gba owó oṣù mi àkọ́kọ́, n kì í lọ kí ìyá mi lọ́wọ́ òfo. Agolo tíì ńlá, mílíìkì, páálí ṣúgà mẹ́fà. Wọ́n lè tà wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ta ohun tí ọmọ bá gbé wá. Wọ́n a máa mu ún, wọ́n a sì máa sọ fún ará ọjà pé ọmọ àwọn tí ń kọ́ni ní Yunifásítì ló rà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni wọ́n ń mu ún ní ọdún tí dókítà kọ ìwé yẹn fún wọn.

Kí ni ṣúgà àjẹjù ń ṣe nínú ara gan-an? Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí àsọdùn pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Irú àtọ̀gbẹ kan wà tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ohun tí ènìyàn jẹ. Ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó ba ibi tí ínsúlínì ti ń wá jẹ́, ọmọdé ni ó sì máa ń bá jù. Kí Banting àti Best tó rí ínsúlínì ní Toronto ní 1921, ikú ni ìdájọ́ rẹ̀. Irú kejì, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, èyí tí ó mú ìyá mi, ni ọ̀rọ̀ wa kàn. Ínsúlínì dà bí ẹni tí ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà kí ó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Bí a bá ń kan ilẹ̀kùn yẹn lójoojúmọ́ láìsinmi, tí ọ̀rá sì ti dì sí ẹ̀dọ̀ àti ikùn, ilẹ̀kùn a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro ṣí. Ṣúgà a wá dúró sínú ẹ̀jẹ̀, a máa ba àwọn iṣan wẹ́wẹ́ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ti ojú, ti kíndìnrín, ti àtẹ́lẹsẹ̀. Iyán, ẹ̀bà àti àmàlà pẹ̀lú ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí a jogún sì ní ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n iyán kì í gba ọ̀fun lọ bí omi. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí ó gba 50 cl lè ní tó gíráàmù 50 ṣúgà nínú, ènìyàn lè mu ún tán nínú ìṣẹ́jú méjì, kò sì ní dí oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́. Gíráàmù 50 yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ ti 2015, fẹ́ kí ṣúgà àfikún ẹni tí ara rẹ̀ nílò kálórì 2,000 má ṣe kọjá lójúmọ́. Ó tilẹ̀ ní ìdajì rẹ̀ ni ó sàn jù.

Wọ́n ti ń pariwo èyí tipẹ́. John Yudkin, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní London, kọ ìwé kan ní 1972 láti kìlọ̀ pé ṣúgà ń pa ènìyàn, wọ́n sì fi ṣe ẹlẹ́yà títí ó fi kú. Ó di 2016 kí àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó tú ìwé àtijọ́ wò, tí wọ́n sì fi hàn pé ẹgbẹ́ àwọn oníṣúgà ti fún àwọn onímọ̀ ní Harvard ní dọ́là 6,500 fún àròkọ kan tí ó jáde ní 1967, èyí tí ó di ẹ̀bi àìsàn ọkàn ru ọ̀rá oúnjẹ, tí ó sì fi ojú fo ti ṣúgà. Àròkọ náà kò sọ pé wọ́n sanwó fún un.

Ẹ̀rí tí ó wú mi lórí jù jáde ní 2024. Nítorí Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣúgà sábẹ́ òṣùwọ̀n láti 1940 títí di September 1953. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ohun tí ènìyàn ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àwọn olùwádìí wá fi ẹni tí wọ́n lóyún rẹ̀, tí ó sì ṣe ọmọ ọwọ́ kí òfin náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ wé ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, ewu àtọ̀gbẹ irú kejì fi nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 dín lára àwọn ti àkọ́kọ́, ti ẹ̀jẹ̀ ríru sì fi nǹkan bí ìdá 20 dín. Ọdún 1953 yìí ni Coca-Cola wọ ìgò ní ilẹ̀ wa.

Ìwádìí mìíràn kan wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1997, Richard Cooper, Charles Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún àwọn ènìyàn dúdú láti Nàìjíríà títí dé Caribbean, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Àtọ̀gbẹ mú nǹkan bí ènìyàn 2 nínú 100 ní Nàìjíríà, nǹkan bí 9 ní Caribbean, ó sì mú nǹkan bí 11 ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ara ṣe ń sanra sí i ni àìsàn náà ń pọ̀ sí i. Orísun kan náà ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti wá. Ibi tí wọ́n ń gbé àti ohun tí wọ́n ń jẹ ló yàtọ̀. Ní ọdún 1997 kan náà, ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinkugbe darí fún ìjọba àpapọ̀ kéde ìdá 2.2 nínú 100 fún Nàìjíríà. Ní 2018, nígbà tí àwọn oníṣègùn kan kó ìwádìí oríṣiríṣi pọ̀, ó ti sún mọ́ 5.8. Ìjọba gbé owó-orí náírà 10 lé lítà ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan nínú Òfin Ìnáwó ti 2021. Náírà mẹ́wàá kò ra kóró ṣúgà kan mọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó jogún ìsọ̀ ìyá mi.

Ìyá mi kò gbàgbọ́ tán. Wọ́n ń lo oògùn nígbà tí wọ́n bá rántí, ṣùgbọ́n lọ́kàn wọn, àṣìṣe ni: báwo ni àìsàn olówó ṣe máa mú ẹni tí ń dì kóró mẹ́rin ta? Ní 2006, bàtà kan bó wọn lẹ́sẹ̀. Egbò náà kò jinná. Ará ilé ní wọ́n ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ lọ́jà ni, pé ẹni tí ó ń jowú òwò wọn ló fi sílẹ̀ dè wọ́n. Wọ́n gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń wo àdáàjinná, ọ̀sẹ̀ méje sì kọjá kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí mi. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí gbogbo, ohun tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n nígbà tí mo dé ni pé ta ni wọ́n bá jà lọ́jà. Ilé ìwòsàn gé ẹsẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Ẹni kan ti sọ fún mi lẹ́yìn tí mo ti Cuba dé pé kí n fi ẹsẹ̀ yìí wé apá àwọn tí ẹ̀rọ ìrèké gé. N kò gbà. Àwọn wọ̀nyẹn, wọ́n fipá mú wọn ni. Ti ìyá mi, ìfẹ́ ni a fi gbé e fún wọn, nínú agolo àti páálí.

Wọ́n lo ọdún méjì lẹ́yìn náà. Ní ilé, wọ́n máa ń fi ọwọ́ wá ẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n a ní ó ń yún wọn. Wọ́n kú ní oṣù August 2008. Ẹni 67 ni wọ́n, ìlú sì kà á sí ikú àgbà, nítorí náà a ṣe òkú wọn bí ó ti yẹ. Kéréètì ẹlẹ́rìndòdò 60 ni a rà fún àlejò. Èmi ni mo sanwó rẹ̀.